Ẹni Tí Ó Yẹ Ìbéèrè Kò Tíì Parọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín tí wọ́n ń fi èdè wa gbé ìròyìn ayé wá sílé fún wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn nípa bí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ṣe ń túmọ̀ ìròyìn tí ó ti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì wá, pàápàá ìròyìn ilé ẹjọ́ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé ẹnì kan "evaded" ìbéèrè, ìyẹn ni pé ó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a óò kà á ní Yorùbá pé ó parọ́. Bí ó bá sọ pé ó "misled" àwọn aṣòfin, ìyẹn ni pé ó ṣi wọ́n lọ́nà, ó parọ́ náà ni. "Prevaricate" di irọ́, "equivocate" di irọ́, "dissemble" di irọ́ tàbí ẹ̀tàn, bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni ó ń sọ irú ẹ̀sùn tí a lè fi kan ènìyàn, ìyà tí ó tọ́ sí i, àti ìbéèrè tí ó yẹ kí a tún bi í. Bẹ́ẹ̀, ní àwùjọ tí wọ́n ti ń sọ pé ẹni tí ó bá lè parọ́ yóò jalè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni láti tẹ orúkọ ènìyàn jáde kí a sì kọ "ó parọ́" sí i nídìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú "lie", nítorí òun ni ó sún mọ́ irọ́ wa jù lọ. Kí a tó lè lo ọ̀rọ̀ náà fún ẹnì kan, ó gbọ́dọ̀ ti sọ nǹkan jáde gẹ́gẹ́ bí òótọ́, kí òun fúnra rẹ̀ sì gbà lọ́kàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, àṣìṣe ni ó ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí olùgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: yálà ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún gbà á tàbí kò gbà á, irọ́ ti wà nílẹ̀. "Deceive" kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ olùgbọ́ ni ó ti ń parí. Bí èrò èké kò bá tíì wọ ọkàn ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, a lè sọ pé wọ́n fẹ́ tàn án, a kò lè sọ pé wọ́n tàn án. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè sọ pé "ó parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n kò rí mi tàn jẹ," tí kò sì sí ìtakora níbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, a lè tan ènìyàn jẹ láìla ẹnu rárá: ẹni tí ó wọ aṣọ ọlọ́pàá tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tàbí ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀ síta gbangba kí àwọn tí ń ṣọ́ ọ lè rò pé ó ń rìnrìn àjò, kò sọ gbólóhùn kan tí a lè pè ní irọ́.

"Evade" jìnnà sí méjèèjì. Ká ní wọ́n bi òṣìṣẹ́ ìjọba kan bóyá òun ni ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan, tí ó sì dáhùn pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń bọ̀wọ̀ fún òfin. Ó ṣeé ṣe kí ó máa bọ̀wọ̀ fún òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ni wọ́n béèrè. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó rí i pé kò dáhùn. Èyí ni ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn wa dì mú gírígírí: ẹni tí wọ́n yẹ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ ṣì mọ̀ pé òun kò tíì gba ìdáhùn, ẹni tí wọ́n tàn jẹ rò pé òun ti gbà á. Ẹni àkọ́kọ́ lè tún béèrè. Ẹni kejì ti ká ìwé rẹ̀, ó ti ń lọ sílé.

Kí a má sì da "evade" pọ̀ mọ́ kíkọ̀ láti dáhùn. Láti ọdún 1791 ni Àtúnṣe Karùn-ún sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Ẹni tí ó bá dìde ní gbangba tí ó ní òun kò ní dáhùn kò yẹ ohunkóhun sílẹ̀. Ó kọ̀ ni, gbogbo ayé sì gbọ́ pé ó kọ̀. Ìwé ìròyìn tí ó bá kọ ọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń parọ́ tàbí ó ń tan ilé ẹjọ́ jẹ ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ẹjọ́ kan wà tí ó fi gbogbo èyí hàn ju àlàyé èyíkéyìí lọ. Samuel Bronston jẹ́ olùgbé fíìmù jáde ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wọ gbèsè tí kò lè san, ní ọdún 1966 sì ni agbẹjọ́rò àwọn tí ilé iṣẹ́ náà jẹ lówó ń bi í léèrè lábẹ́ ìbúra nípa owó tí ó wà ní òkè òkun. Agbẹjọ́rò bi í bóyá ó ní àkáǹtì kankan ní àwọn báńkì Switzerland. Ó ní rárá. Agbẹjọ́rò tún bi í bóyá ó ti ní in rí. Bronston dáhùn pé ilé iṣẹ́ náà ní àkáǹtì kan níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 6, ní Zurich. Agbẹjọ́rò kò sì bi í mọ́ bóyá òun alára ti ní in rí. Gbogbo ohun tí Bronston sọ ni ó jẹ́ òótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bi í, kò ní àkáǹtì kankan níbẹ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ní ọ̀kan ní Zurich lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé òun fúnra rẹ̀ ti ní àkáǹtì ti ara rẹ̀ ní Geneva láti ọdún 1959 títí di 1964, àti pé owó tí ó lé ní 180,000 dọ́là ni ó ti gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìjọba fi ẹ̀sùn ìbúra èké kàn án, wọ́n dá a lẹ́bi, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1973, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé e, kò sì sí adájọ́ kan tí ó takò ó. Warren Burger tí ó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ náà ni ó kọ ìdájọ́ wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìdáhùn tí ó jẹ́ òótọ́, bí kò tilẹ̀ bá ìbéèrè mu, bí ẹlẹ́rìí tilẹ̀ fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ darí abèèrè gba ibòmíràn, kì í ṣe ìbúra èké. A máa ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà. Abèèrè yìí ṣìnà, ilé ẹjọ́ sì gbé ẹrù náà lé e lórí: bí ìdáhùn kò bá bá ìbéèrè mu, iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti padà sórí ìbéèrè náà títí ẹlẹ́rìí yóò fi dáhùn rẹ̀ gan-an.

Mo gbà pé ìdájọ́ náà tọ́. Bí a bá ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí olùgbọ́ rò, dípò ohun tí ẹlẹ́rìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ta ni yóò tún gbà láti jẹ́rìí? Ṣùgbọ́n báwo ni ìwé ìròyìn Yorùbá yóò ṣe kọ ọ́? "Bronston parọ́" kò tọ̀nà, nítorí kò sí irọ́ nínú gbólóhùn rẹ̀ méjèèjì. "Bronston sọ òótọ́" náà kò tọ̀nà, nítorí ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé ó tú ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó yẹ ìbéèrè kejì, ó sì fi òótọ́ bo yíyẹ̀ náà mọ́lẹ̀ débi pé abèèrè rò pé wọ́n ti dá òun lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ bí "evade", ó parí sí "mislead", kò sì kan "lie" níbì kankan lójú ọ̀nà. Gbólóhùn Yorùbá kan péré tó láti sọ èyí, bí a kò bá ti kánjú.

Ìbúra tí wọ́n ń ṣe ní kóòtù àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé wọ́n ti mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tipẹ́. Ẹlẹ́rìí máa ń búra láti sọ òótọ́, gbogbo òótọ́, àti òótọ́ nìkan. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan yóò rò pé àtúnwí lásán ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ ń dí ọ̀nà irọ́, gbogbo òótọ́ ń dí ọ̀nà ìfọ̀rọ̀pamọ́, òótọ́ nìkan sì ń dí ọ̀nà àbùmọ́. Gbogbo òótọ́ ni Bronston kò sọ. Òfin ìbúra èké, ní tirẹ̀, ohun tí ẹlẹ́rìí sọ tí kò sì gbà pé òótọ́ ni ni ó ń fìyà jẹ. Ohun tí ó pa mọ́ sínú kò sí nínú rẹ̀.

"Mislead" ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni àwọn ìwé ìròyìn wa ń ṣì túmọ̀ jù lọ. Ṣíṣi ènìyàn lọ́nà ni, kò sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣe é. Irọ́ lè ṣi ni lọ́nà, òótọ́ lè ṣi ni lọ́nà, àṣìṣe lásán lè ṣi ni lọ́nà. Àwòrán ilẹ̀ tí ó ti gbó lè "mislead" ẹni tí ó ń lò ó, kò sì sí ẹni tí yóò ní àwòrán parọ́. Nítorí náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a lè mọ̀ bóyá ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bóyá àìbìkítà ni, tàbí bóyá kò mọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tì í yìí ni ó máa ń bọ́ sọnù nínú ìtumọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní House of Commons, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Britain. Aṣòfin kò gbọdọ̀ pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpùrọ́ níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n ní kí Dawn Butler jáde kúrò nínú ilé lọ́jọ́ náà, nítorí ó sọ pé Boris Johnson, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, ti ń parọ́ fún ilé náà àti fún orílẹ̀-èdè léraléra, kò sì gbà láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Lórí ọ̀ràn mìíràn, èyí tí ó jẹ mọ́ àwọn ìpéjọpọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọ́fíìsì olórí ìjọba lásìkò tí òfin àrùn kòrónà de àwọn ènìyàn mọ́lé, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin kan wádìí Johnson bóyá ó ti ṣi ilé lọ́nà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ó gbà pé àwọn ọ̀rọ̀ òun ti ṣi wọ́n lọ́nà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ìgbìmọ̀ sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, ilé sì fi ìbò 354 sí 7 fọwọ́ sí àbọ̀ ìwádìí wọn. Johnson ti fi ipò aṣòfin sílẹ̀ kí àbọ̀ náà tó jáde. Gbogbo ìjà náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí "mọ̀ọ́mọ̀" ni ó dá lé. Bí ìwé ìròyìn Yorùbá bá ti kọ "ó parọ́" láti ọjọ́ kìíní, ó ti dá ẹjọ́ tí àwọn aṣòfin ṣì ń gbọ́. Bí ó bá sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ oṣù kẹta yẹn sí "Johnson gbà pé òun parọ́," ó ti gbé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí jáde, òun alára sì ti ṣi àwọn òǹkàwé rẹ̀ lọ́nà.

Àwọn alágbára a máa fi ara pamọ́ sí inú ìyàtọ̀ yìí pẹ̀lú, n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ní ọdún 1986, Robert Armstrong, ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ìjọba Britain, jẹ́rìí ní kóòtù kan ní Sydney, níbi tí ìjọba rẹ̀ ti fẹ́ dènà ìwé tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́ kan kọ. Malcolm Turnbull, tí ó di olórí ìjọba Australia nígbà tí ó yá, ni agbẹjọ́rò tí ń bi í léèrè. Nígbà tí wọ́n kan lẹ́tà kan, Armstrong ní lẹ́tà náà lè mú kí ènìyàn ro ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe irọ́, pé bóyá wọ́n kàn ṣọ́ òótọ́ ná ni, bí ẹni ń ṣọ́ owó ná. Gbólóhùn yẹn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tí ó tọ́ka sí wà lóòótọ́, àwáwí tí ó fi ṣe ni kò tọ́. Pé ènìyàn kò parọ́ kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó fi òótọ́ ṣi mí lọ́nà ti gba ọgbọ́n tí mo fi ń ṣọ́ra lọ́wọ́ mi, nítorí bí mo bá tilẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, n kò ní rí ibi tí ó ti bàjẹ́. Àwọn akọ̀ròyìn tí ó bá mọ orúkọ ohun tí ó ṣe yìí nìkan ni wọ́n lè mú un.

"Equivocate" ní ìtàn tí ó wúwo. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, ohùn tí ó dọ́gba ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tí ó ń sọ ohun méjì lọ́gbọọgba. Ní ọdún 1585, òfin England sọ ọ́ di ọ̀tẹ̀ kí àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n fi oyè jẹ ní òkè òkun máa gbé ní ilẹ̀ náà, ikú sì ni ìyà rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, wá ń kọ́ni pé ẹni tí wọ́n bá bi bóyá àlùfáà ni òun lè sọ ìlàjì jáde kí ó fi ìlàjì sínú: ẹnu á ní "èmi kì í ṣe àlùfáà," ọkàn á sì parí rẹ̀ pé "tí ó yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ." Nígbà tí wọ́n ṣẹjọ́ Henry Garnet, olórí àwọn Jesuit ní England, ní ọdún 1606, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ láti fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹ̀kọ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n fi bá a jà, wọ́n sì pa á ní oṣù karùn-ún. Àánú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ìdáhùn ń ṣe mí, síbẹ̀ ohun tí a bá pa mọ́ sínú ọkàn kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ tí a sọ. Póòpù Innocent Kọkànlá fúnra rẹ̀ dá irú ìfipamọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi ní ọdún 1679. Lóde òní, ẹni tí wọ́n bá ní ó "equivocate" ni ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, tí ó yan gbólóhùn olójú méjì kí ó lè sá gba èyíkéyìí tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́la.

Àwọn yòókù kò gba àyè púpọ̀. "Prevaricate" jẹ́ rírìn wọ́gọwọ̀gọ ní ìpìlẹ̀. Ní kóòtù Róòmù àtijọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pe olùpẹ̀jọ́ tí ó ti bá ẹni tí ó pè lẹ́jọ́ ṣe mọ̀dàrú ní kọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń lò ó báyìí bí ẹni pé fífi nǹkan falẹ̀ ni, nítorí ó jọ "procrastinate" létí, nítorí náà kí akọ̀ròyìn wo ohun tí ó yí i ká kí ó tó túmọ̀ rẹ̀. "Dissemble" ni kí ènìyàn bo ohun tí ó wà lára rẹ̀ tàbí lọ́kàn rẹ̀. Ìdíbọ́n wa bá a mu dáadáa. Francis Bacon, òǹkọ̀wé ilẹ̀ England, ti kọ ọ́ ní ọdún 1625 pé kí ènìyàn pa ẹnu mọ́, kí ó bo ohun tí ó jẹ́, àti kí ó ṣe bí ẹni pé òun jẹ́ ohun tí kò jẹ́, ìpele mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. "Fraud" sì ju ẹ̀tàn lọ, nítorí ó ní èrè tàbí àdánù nínú. Jìbìtì ni kí ẹ kọ, kí ẹ má ṣe dín in kù.

Ibì kan ṣoṣo wà tí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò, ìyẹn ni owó orí. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "evade" fúyẹ́ ju "lie" lọ. Nínú owó orí, "evasion" ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lẹ́wọ̀n, nítorí fífi owó tí a rí pamọ́ fún ìjọba wà nínú rẹ̀, nígbà tí "avoidance" jẹ́ fífi ọgbọ́n dín owó orí kù láìrú òfin. Ẹ̀sùn "evasion" ni wọ́n fi mú Al Capone, olórí ẹgbẹ́ ọ̀daràn kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 11 fún un ní ọdún 1931. Mo ti rí i nínú ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n pe "avoidance" ní sísá fún owó orí, tí oníṣòwò tí kò rú òfin kankan fi di ọ̀daràn lójú òǹkàwé.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí "parọ́" dúró fún ibi tí ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì bá ti sọ "lie" gan-an, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹni náà ṣe: kò dáhùn, ó kọ̀ láti dáhùn, ó yẹ ìbéèrè sílẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ó díbọ́n, ó ṣi wọ́n lọ́nà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ṣíṣi ni lọ́nà, ẹ má ṣe gbàgbé láti sọ bóyá wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀, ẹ sì sọ ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ máa tẹ ìbéèrè tí wọ́n bi ẹlẹ́rìí tàbí olóṣèlú jáde ṣáájú ìdáhùn rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ gan-an, nítorí láìsí ìbéèrè lójú ìwé, kò sí òǹkàwé tí ó lè mọ̀ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́. Bí àyè kò bá tó fún méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín àlàyé tiyín kù kí ìbéèrè náà lè wọlé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan